Ògiri Tí Ìyá Mi Ń Sùn Tì

Mo fi oríkèé ìka kan ògiri náà lẹ́ẹ̀kejì, ó tún dún bíi ti àkọ́kọ́: gbò. Gbogbo ibi yòókù ló ń dún kì, kì, bó ṣe yẹ kí ògiri tó yó máa dún. Òkè orí bẹ́ẹ̀dì ìyá mi nìkan ló ń dún bí ikùn ẹni tó gbààwẹ̀.

“Ọ̀gá Ṣíjúwadé,” mo ní, “kí lẹ kó sínú ògiri yìí?”

Ọkùnrin náà ò tilẹ̀ wojú mi. Àkísà ló fi ń nu ọ̀dà kúrò léèékánná, ó ń nu ún díẹ̀díẹ̀ bí ẹni tí kò níbi kankan tó ń lọ. “Ohun tí òfin ní kí n kó síbẹ̀ náà ni, Olùwò. Pátákó aláìjóná méjì, òwú òkúta láàárín wọn, ọ̀dà awú lójú méjèèjì.”

“Kí ló wá ń dún gbò?”

“Ògiri ni, kì í ṣe agogo. Ẹ jẹ́ kó dún bó ṣe wù ú.”

Àwọn ará pẹ̀tẹ́ẹ̀sì kẹrìnlá tí wọ́n kún ẹnu ọ̀nà bú sẹ́rìn-ín. Èmi ò rẹ́rìn-ín. N ò fẹ́ràn ẹni tí ọkàn rẹ̀ balẹ̀ lọ́jọ́ ìjókòó. Ẹni tí wọ́n fẹ́ dáná sí lẹ́yìn, tó sì ń ṣe yẹ̀yẹ́, ó ní ohun tó mọ̀ tí èmi ò mọ̀.

Mo máa ń fura, mi ò sẹ́. Ìyá mi sọ pé lọ́jọ́ tí wọ́n bí mi, mo kọ́kọ́ wo ọmú yíká ná kí n tó gbà á sẹ́nu. Kí wọ́n máa wí lọ. Páńsá ò fura, páńsá já síná. Àjà ò fura, àjà jìn. Ẹ̀yìn aṣọ iṣẹ́ àwa tó ń wo ògiri gan-an ni Ìgbìmọ̀ Ògiri kọ ọ́ sí, gàdàgbà-gàdàgbà, kí ẹni tó bá ń tẹ̀lé wa lè máa kà á.

“Olùwò, ṣé ká gbé ààrò wọlé àbí ká má gbé e?” Baálé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì ló bi mí bẹ́ẹ̀, bàbá tẹ́ẹ́rẹ́ kan tó so kọ́kọ́rọ́ gbogbo ilẹ̀kùn onírin ibẹ̀ mọ́ ọrùn. “Àwọn tó gbé e wá ti ń ráhùn.”

“Wọ́n á dúró.”

Ìyàwó tuntun kan wà láàárín èrò, ọmọ Ìsàlẹ̀ ni, kò tíì pẹ́ tí wọ́n gbé e gòkè. Ó fa aṣọ obìnrin tó wà níwájú rẹ̀. “Ẹ̀gbọ́n, ṣé lóòótọ́ ni bàbá yìí máa jókòó síbí tí wọ́n á fi dáná sí òdìkejì?”

“Ẹni tó bá dí ògiri ni í jókòó tì í. Wákàtí méjì gbáko. Bí ògiri bá dáa, á jáde wá jẹun.”

“Bí ò bá dáa ńkọ́?”

“A jẹ́ pé ó ti jẹun kẹ́yìn.”

“Háà! Ta ló ṣe irú òfin yìí?”

“Àwọn tó sin òkú Gogoro Kẹta ni.” Ẹ̀rín kúrò lẹ́nu gbogbo wọn. “Bátìrì ẹnì kan ṣoṣo ló gbiná. Àṣé páálí lásán ni wọ́n kó sínú ògiri. Ẹni tó dí i ń gbé ilé tirẹ̀ níbòmíràn, ó ń sùn fọnfọn.”

“Olùwò yìí ńkọ́? Kí ló dé tí ojú ẹ̀ le báyìí?”

“Ìyá ẹ̀ ló ń gbé yàrá náà. Ẹni tí ìyá ẹ̀ bá ń sùn ti ògiri ni Ìgbìmọ̀ ń rán wá wò ó. Ta ni yóò parọ́ fún ògiri tí ìyá ẹ̀ ń sùn tì?”

Mo gbọ́ ọ, mo ṣe bí ẹni tí ò gbọ́. Òótọ́ ló sọ. Nínú ayé yìí, ìyá mi nìkan ni mi ò tíì fura sí rí.

Mo ní kí gbogbo wọn bọ́ síta. Mo gbé Alángbá kúrò léjìká mi, mo fi kọ́ ara ilẹ̀kùn lóde, nítorí ẹ̀rọ náà ò gbọ́dọ̀ fojú kan yàrá kí iná tó jó tán. Ọwọ́ ọmọ ẹni tó ń sùn ti ògiri ló ń kọ́kọ́ wò ó, Alángbá ló ń wò ó gbẹ̀yìn. Bí iná bá kú, á máa fà lójú ògiri, á máa wo inú rẹ̀ bí ẹni wo inú omi, ohun tó bá rí níbẹ̀ ló sì máa kígbe rẹ̀ fún gbogbo ilé gbọ́. Kò mọ ojú, kò gba ẹ̀bẹ̀. Ẹni tó sọ ọ́ lórúkọ mọ ohun tó ń ṣe: bí ògiri ò bá lanu, kí ni alángbá fẹ́ wá níbẹ̀?

“Màámi, ẹ̀yin náà, ẹ dìde.”

Ìyá mi jókòó gìdìgbà sórí bẹ́ẹ̀dì, kò mira. “Ẹsẹ̀ ń dùn mí.”

“Ẹsẹ̀ tẹ́ ẹ fi jó ní ṣọ́ọ̀ṣì lánàá?”

“Ti àná yàtọ̀.”

Ìgbà yẹn ni mo gbójú sókè. Fọ́tò bàbá mi wà lókè orí rẹ̀ gan-an, ó wọ agbádá, ó fajú ro. Fọ́tò yẹn kì í gbé ibẹ̀. Láti ìgbà tí Bàbá ti kú, ẹ̀gbẹ́ fèrèsé ló máa ń wà, kí ó lè máa rí atẹ́gùn, bí ìyá mi ṣe máa ń wí.

“Ta ló gbé Bàbá wá síbí?”

“Òun ló ní kí n gbé òun wá.”

“Màámi!”

“Àwẹ̀ró, má fọwọ́ kàn án. Àwẹ̀ró!”

Mo ti gbé e kúrò. Ihò kan wà lẹ́yìn rẹ̀, ó fẹ̀ tó ẹnu ife, wọ́n fi fóòmù tí wọ́n gé lára bẹ́ẹ̀dì dí i, wọ́n sì fi aṣọ wé fóòmù náà. Mo mọ aṣọ yẹn. Ìró aláró tí mo rà fún un lọ́jọ́ tí mo gba òǹtẹ̀ iṣẹ́ mi ni. Mo fà á yọ.

“Ìyáalé,” ni ohùn kan wí láti inú ògiri, “ṣé wọ́n ti lọ? Mo ti din dòdò yẹn o.”

Ìyá Kékeré ni, ìyàwó tí bàbá mi fẹ́ lé ìyá mi, tí wọ́n fún ní yàrá kejì nígbà tí wọ́n ń pín ilé. Láti ọjọ́ ìsìnkú Bàbá ni àwọn méjèèjì ò ti kí ara wọn mọ́. Bí ọ̀kan bá wọ lífítì, èkejì á dúró de òmíràn. Gbogbo gogoro ló mọ̀. Èmi alára, mi ò kí Ìyá Kékeré mọ́ nítorí ìyá mi. Bí mo bá kọjá lẹ́nu ọ̀nà rẹ̀, mo máa ń pòṣé kí ó lè gbọ́ dáadáa.

Mo yíjú sí ìyá mi. “Ẹ̀yin méjèèjì ń sọ̀rọ̀?”

“Díẹ̀díẹ̀.”

“Ẹ ń jẹ dòdò rẹ̀?”

“Ó mọ dòdò dín.”

“Ẹ sì ń wò mí tí mò ń pòṣé sí Ìyá Kékeré láti ọjọ́ yìí wá!”

“Èmi kọ́ ni mo rán ọ níṣẹ́ òṣé.”

Inú bí mi gidi. Ìyá mi wá fà mí lọ́wọ́, ó rẹ ohùn sílẹ̀. “Àwẹ̀ró mi, jọ̀ọ́. Ilẹ̀kùn onírin méjì ló wà láàárín wa. Wọ́n wúwo, wọ́n tún ń ti ara wọn mọ́ èèyàn lẹ́sẹ̀. Apá mi ò ká wọn mọ́. Àti pé, lẹ́yìn gbogbo èébú tí mo ti bú u lójú ayé, ojú wo ni mo fẹ́ fi lọ kan ilẹ̀kùn rẹ̀? Nídìí ihò yìí, ojú ò rójú.”

“Kí lẹ fi gbẹ́ ẹ?”

“Ṣíbí. Òun láti ọ̀dọ̀ tirẹ̀, èmi láti ọ̀dọ̀ tèmi. A pàdé láàárín.”

“Nígbà tí Ọ̀gá Ṣíjúwadé wá tún ògiri ṣe ńkọ́?”

“Ó gbé bàbá ẹ kúrò, ó wo ihò, ó wò mí. Ó ń bá iṣẹ́ rẹ̀ lọ.”

“Màámi, ṣé ẹ rántí Bàbá Akínlabí?”

Ó wolẹ̀. Kò sí ẹni tó gbàgbé Bàbá Akínlabí. Ihò wáyà kan báyìí ló lu sára ògiri, kí ọmọ rẹ̀ ní yàrá kejì lè rí iná lò, ni wọ́n bá sọ ọ́ kalẹ̀ sí Ìsàlẹ̀, níbi tí omi ti ń dé orúnkún bí òjò bá ti ń rọ̀. Fìlà rẹ̀ nìkan ni wọ́n gbé gòkè padà. Àyà ìyá mi sì rèé, bí ọyẹ́ bá fẹ́ lásán, á máa súfèé títí ilẹ̀ á fi mọ́.

Mo kó fóòmù náà sínú àpò, mo fi fọ́tò Bàbá kọ́ ibẹ̀ padà, mo sì mú ìyá mi jáde.

Mo rí Ọ̀gá Ṣíjúwadé ní ìdí lífítì. Mo fà á lápá lọ sí kọ̀rọ̀.

“Ẹ rí ihò yẹn.”

“Ihò wo?”

“Ọ̀gá, ẹ má fi mí ṣeré.”

Ó wo ọ̀tún, ó wo òsì. “Olùwò, bí mo bá ní mo rí i, wọ́n á sọ èmi náà kalẹ̀. Bí mo bá ní mi ò rí i, a jẹ́ pé èmi kì í ṣe oníṣẹ́. Èwo lẹ fẹ́ kí n sọ?”

“Òótọ́.”

“Mo fi òrùka awú sí ọ̀fun rẹ̀ láàárín, mo sì fi símẹ́ǹtì fẹ́ẹ́rẹ́ bo òrùka nìkan lójú, ihò ṣì ṣí sílẹ̀. Bí iná bá kàn án, á wú bí àkàrà, á dí ihò náà pa. Gbogbo ibi tí páìpù bá ti gba inú ògiri kọjá náà la ti ń lò ó.”

Mo ti ki ìka bọ ihò náà kí n tó jáde. Símẹ́ǹtì dídán lọwọ́ mi kàn. Òrùka lè wà lábẹ́ rẹ̀, ó sì lè má sí, kò sí bí mo ṣe lè mọ̀ láìfọ́ ọ.

“Ẹ fún mi ní ọ̀dà awú díẹ̀, kí n dí i báyìí.”

“Ọ̀dà tutù ni Alángbá kọ́kọ́ máa ń rí. Ẹ mọ̀ bẹ́ẹ̀.”

Mo mọ̀ bẹ́ẹ̀. “Kí ló kàn yín nínú ọ̀rọ̀ àwọn arúgbó méjì? Kí ló dé tẹ́ ẹ ò fi sọ fún Ìgbìmọ̀?”

Ó tún mú àkísà rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ọwọ́ rẹ̀ ti mọ́ tipẹ́. “Ẹ̀yìn ògiri tí mo fi ọwọ́ ara mi dí ni ìyá mi kú sí. Kì í ṣe iná. Ó ṣubú ni, ó ń pe èèyàn. Aládùúgbò rẹ̀ wà níbẹ̀ tó ń jẹun. Ògiri yẹn dáa gan-an, Olùwò. Kò gbọ́ nǹkan kan.”

Ọ̀rọ̀ náà wọ̀ mí lára, ìdí nìyẹn tí mo fi tún fura sí i. Ọ̀rọ̀ tó bá bọ́ sí àsìkò báyìí, mo máa ń wo ẹ̀yìn rẹ̀. “Bí èéfín bá dé, ẹ lè ṣílẹ̀kùn sá jáde, kẹ́ ẹ ní ihò ìyá mi ló ba iṣẹ́ yín jẹ́.”

“Mo lè ṣe bẹ́ẹ̀.”

“Ẹ ò tilẹ̀ jiyàn!”

“Ṣé ẹ máa gbà mí gbọ́ bí mo bá jiyàn?”

Ẹ jẹ́ kí n sọ bó ṣe rí. Èrò burúkú kan wọlé tọ̀ mí wá níbẹ̀, mi ò sì tètè lé e jáde. Gbogbo èèyàn ti gbọ́ bí mo ṣe pe ọkùnrin yìí lẹ́jọ́ níṣojú wọn. Bí mo bá pa ẹnu mọ́, tí ògiri bá já, òun ni wọ́n á dá lẹ́bi, bó kú bó yè. Kò sẹ́ni tó máa bi ìyá mi ní nǹkan kan. Ẹnu mi nìkan ni mo máa pa mọ́.

Mo wo ọrùn rẹ̀, níbi tí iná ìjókòó kan látẹ̀yìnwá ti bó o. Ìyá lèmi náà ní, ṣùgbọ́n ìyá ló bí òun náà. Mo yíjú sí àwọn èèyàn. “Baálé, ẹ fi ìjókòó kún ìjókòó. Èmi náà á jókòó.”

“Olùwò kì í jókòó!”

“Òfin wo ló ní kó má jókòó?”

Baálé ronú, ó fọwọ́ pa kọ́kọ́rọ́ rẹ̀, kò rí òfin kankan. Mo gbọ́ tí obìnrin tó ń ṣàlàyé òfin lẹ́ẹ̀kan ń wí fún ìyàwó tuntun pé, “O ò rí i! Ìfura rẹ̀ ti dé góńgó. Ó fẹ́ ṣọ́ ọ títí dénú iná.” Ìyá mi fọwọ́ bo ẹnu. Ní òdìkejì ọ̀dẹ̀dẹ̀, Ìyá Kékeré jókòó ti àwọn ẹrù rẹ̀ tí wọ́n ti kó jáde, ó gbé abọ́ kan lé ẹsẹ̀, ó kọ ẹ̀yìn sí ìyá mi gẹ́gẹ́ bí gbogbo ayé ṣe mọ̀ ọ́n.

Wọ́n gbé ààrò wọ yàrá Ìyá Kékeré, wọ́n gbé ẹnu rẹ̀ ti ògiri. Èmi àti Ọ̀gá Ṣíjúwadé wọ yàrá ìyá mi. Ilẹ̀kùn ti ara rẹ̀ mọ́ wa. Èèyàn lè tì í ṣí láti inú, ṣùgbọ́n ẹni tó bá ṣí i kí àkókò tó pé ti sọ pé ògiri já nìyẹn, wọ́n á sì tú gbogbo rẹ̀ wò, pátákó kan lẹ́yìn òmíràn.

Ààrò bẹ̀rẹ̀ sí í bú. Ọ̀gá fẹ̀yìn ti ògiri, ó yọ orógbó kan, ó gé e sí méjì.

“Ẹ jẹ orógbó.”

“Rárá.”

“Mi ò fi nǹkan sí i.”

“Ta ló ní ẹ fi nǹkan sí i?”

Ó jẹ méjèèjì. Mò ń wo ẹnu rẹ̀, mò ń wo fọ́tò, mò ń wo ẹnu rẹ̀. Ògiri ń lọ́ wọ́ọ́rọ́ díẹ̀díẹ̀, bí ó ti yẹ. Òórùn kan ló kọ́kọ́ dé, òórùn kíkan tó ń fín èèyàn ní ọ̀nà ọ̀fun.

“Ọ̀gá, kí ló ń rùn yẹn?”

Ó gbé imú sókè, ẹnu rẹ̀ tó ń jẹ orógbó dúró. “Fóòmù. Ṣé ẹ ò yọ ọ́ ni?”

“Mo yọ ti ọ̀dọ̀ ìyá mi.”

“Ti òdìkejì ńkọ́?”

Mo gbọ́ ohùn Ìyá Kékeré ketekete, mo rò pé ọ̀dọ̀ tirẹ̀ ṣí sílẹ̀ ni. Èmi tí mò ń fura sí gbogbo ayé, mi ò rò ó pé obìnrin tí ẹ̀rù ń bà lè sáré dí i padà.

Èéfín dúdú yọ yí fọ́tò bàbá mi ká. Ọ̀gá fò dìde, ó já fọ́tò kúrò, èéfín náà sì tú jáde bí ẹni tí wọ́n ti tì mọ́lé tipẹ́. “Ẹ dojú bolẹ̀!”

A dọ̀bálẹ̀ lórí ẹní ìyá mi. Omi ń dà lójú mi, àyà mi ń jó. “Òrùka dà? Òrùka tẹ́ ẹ ní ẹ fi síbẹ̀ dà?”

“Kò tíì gbóná tó. Fóòmù ló tètè gbiná ṣáájú rẹ̀.”

“Òpùrọ́ ni yín!”

“Ó dáa,” ó ní, ó ń wúkọ́, “ẹ ṣí ilẹ̀kùn nígbà náà.”

Mo fà dé ìdí ilẹ̀kùn. Mo gbé ọwọ́ lé e. Irin náà tutù, atẹ́gùn wà lẹ́yìn rẹ̀, ìyá mi wà lẹ́yìn rẹ̀ pẹ̀lú. Bí mo bá tì í, èmi á yè, òun á yè, ṣùgbọ́n wọ́n á tú ògiri, kí oòrùn tó wọ̀, ìyá mi á ti wà nínú lífítì tó ń lọ sí Ìsàlẹ̀. Mo bojú wẹ̀yìn. Mo rò pé ọkùnrin yẹn á ti wà ní gìgísẹ̀ mi, á máa retí kí n ṣí i kí ẹ̀bi lè jẹ́ tèmi. Kò kúrò níbi tó wà. Ó dọ̀bálẹ̀ sábẹ́ ihò náà gan-an, ó di àkísà mọ́ imú, ojú rẹ̀ wà lókè, ó ń wo ọ̀fun ihò bí ẹni tó ń dúró de ọmọ lẹ́nu ọ̀nà ilé ìwé.

Mo ti rí òpùrọ́ tó pọ̀ lẹ́nu iṣẹ́ yìí. N ò tíì rí èyí tó dúró ti irọ́ rẹ̀ nínú èéfín.

Mo gbé ọwọ́ kúrò lára ilẹ̀kùn. Ẹ̀rù bà mí bí kò ṣe bà mí rí láyé mi.

Ó pẹ́ lójú mi kí ó tó ṣẹlẹ̀. Nǹkan kan dún ṣìì, bí ìgbà tí wọ́n bá da àkàrà sínú òróró gbígbóná. Símẹ́ǹtì fẹ́ẹ́rẹ́ náà fọ́ jáde, nǹkan dúdú kan sì ń wú láti ẹ̀gbẹ́ gbogbo wá sí àárín, ó ń lọ́ra, kò kánjú. Èéfín tín-ín-rín. Ó di òwú. Ó já. Bíbú ààrò pàápàá lọ sílẹ̀, a wá ń gbọ́ èémí ara wa.

“Olùwò,” ni Ọ̀gá Ṣíjúwadé wí, ó ń sunkún tàbí èéfín ló ń mú un ṣe bẹ́ẹ̀, “ẹ rí i?”

“Mo rí i,” ni mo sọ. Mo wá ṣí fèrèsé tí a ò lè ṣí tẹ́lẹ̀, kí atẹ́gùn má baà fa iná wọlé, mo sì fi fọ́tò bàbá mi kọ́ ibi tó wà. Èéfín ti bo ojú rẹ̀ pátápátá.

Nígbà tí wákàtí méjì pé tí wọ́n ṣílẹ̀kùn, Baálé kọ́kọ́ fi imú gbóòórùn. “Kí ló rùn báyìí?”

“Ọ̀dà tuntun ni,” mo ní. “Ẹ gbé Alángbá wá.”

Ẹ̀rọ náà gun ògiri, ó ń fà, ó ń dúró, ojú rẹ̀ ń tàn yẹ́ríyẹ́rí. Ó ṣí ẹnu, ohùn rẹ̀ sì gba gbogbo ọ̀dẹ̀dẹ̀ kan.

“Pátákó ò là. Òwú òkúta wà níbi tó yẹ kó wà. Iná ò kọjá. Ògiri ò lanu.”

Wọ́n hó yè. Ó gun ẹ̀yìn fọ́tò. Ó dúró.

“Òrùka awú kan wà níbí. Ó ti wú, ó ti dí. Kò sí nínú pùláànù ilé yìí. Ta ló pàṣẹ rẹ̀?”

Ẹni tó ń pàtẹ́wọ́ gbé ọwọ́ dúró. Mo wo Ọ̀gá Ṣíjúwadé, ojú rẹ̀ ti rọ. Mo wo ẹnu ọ̀nà. Ìyá mi ti ń la àárín èrò bọ̀, ó ti ń ṣí ẹnu: “Èmi...”

“Èmi ni,” mo ní, mo fi ohùn bo tirẹ̀ mọ́lẹ̀. “Èmi Olùwò. Èmi ni mo ní kí Ọ̀gá fi síbẹ̀, mo fẹ́ dán an wò. Ìdí tí mo fi jókòó nìyẹn.”

Alángbá yí orí sí mi. “Ọkàn Olùwò ń sáré ju bó ṣe yẹ lọ.”

“Kọ ọ́ sílẹ̀. Sọ pé wákàtí méjì ni mo fi jókòó ti iná.”

“Mo ti kọ ọ́ sílẹ̀. Olùwò ò láṣẹ láti fi kún pùláànù. Ìgbìmọ̀ á pè ọ́.”

“Kí wọ́n pè mí,” mo ní, mo sì tẹ òǹtẹ̀ mi sí i lẹ́yìn. Mo mọ ibi tí irú ìpè bẹ́ẹ̀ lè gbé èèyàn lọ. Lífítì kan náà ni.

Lọ́jọ́ kejì, Ọ̀gá padà wá láti họ ọ̀dà tó ti wú kúrò kí ó lè fi tuntun kùn ún. Mo bá ìyá mi nídìí ihò náà. Ó ti ń fi ṣíbí kan ohun dúdú tó dí i, ó le bí òkúta.

“Ìyàwó!” Ó gbé etí tì í. “Ìyàwó o!” Kò sí nǹkan kan. “Kò gbọ́ mi mọ́, Àwẹ̀ró.”

“Ẹ jẹ́ kí n mú yín lọ síbẹ̀. Èmi á di ilẹ̀kùn mú.”

“Lójú gbogbo wọn?” Ó mi orí. “Wọ́n á máa wò wá. A ò ní rí nǹkan kan sọ.” Ìyá mi bú sẹ́kún. Lọ́jọ́ tí bàbá mi kú, kò sunkún tó bẹ́ẹ̀. Ó dùn mí wọnú eegun.

Ọ̀gá Ṣíjúwadé ti kó irinṣẹ́ sílẹ̀. “Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni òrùka awú ń wú,” ó ní, kò wojú mi. “Kí n fi símẹ́ǹtì bo òkú rẹ̀?”

Mo wò ó. Ọkùnrin yìí ti ní àṣírí mi lẹ́nu báyìí, mi ò sì mọ ohun tó máa fi ṣe lọ́jọ́ tí Ìgbìmọ̀ bá bi í. Àti òní lọ, èmi náà ti di ẹni tí wọ́n á máa fura sí. Alángbá wà nílé mi, nínú àpótí, mo ti tì í pa.

“Ẹ gbẹ́ òmíràn,” mo ní. “Ṣùgbọ́n òrùka méjì lẹ máa fi sí i. Mi ò gbọ́kàn lé ọ̀kan. Fóòmù kankan ò sì gbọ́dọ̀ dé ibẹ̀ mọ́!”

Ó rẹ́rìn-ín, ó mú irin. Mo di fọ́tò bàbá mi mú títí irin fi yọ sí òdìkejì. Ó fi òrùka méjèèjì sí i níṣojú mi, mo fi ìka tọ́ ọ wò, mo tún un tọ́. Kò pẹ́, a gbọ́ ẹsẹ̀ tó ń wọ́ nílẹ̀ lọ́hùn-ún.

“Ìyáalé?”

“Ìyàwó!”

“Ẹ máa dákẹ́. Mo sáré dí tèmi, mo fi ọ̀dà kùn ún lójú kí wọ́n má rí i, mo fẹ́rẹ̀ẹ́ pa ọmọ wa. Mi ò sùn.” Abọ́ dún lára ògiri. “Àná ni mo ti din dòdò yẹn o.”

Ìyá mi fi ìgbọ̀nwọ́ tì mí sẹ́gbẹ̀ẹ́, ó na ọwọ́ sínú ògiri. “Gbé e wá bẹ́ẹ̀,” ló ní.